Bí a ṣe ń mú sẹ́ńsọ̀ amóníà bá òṣùwọ̀n mu

Bí sẹ́ńsọ̀ amóníà bá ń sọ ti òní lọ́tọ̀, tí ó ń sọ ti ọ̀la lọ́tọ̀, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìlọrin máa ń bú, bẹ́ẹ̀ omi òdiwọ̀n, ìyẹn omi tí a ti mọ iye amóníà inú rẹ̀, tí wọ́n fi tò ó ló sábà máa ń jẹ̀bi. Sẹ́ńsọ̀ tí ó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́nu, tí amóníà ń gbà wọlé bí afẹ́fẹ́, ni mo ń sọ.

Ẹ gbé ammonium chloride sínú ààrò ní 105°C kí ó gbẹ, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ wọn gíráàmù 3.819, kí ẹ sì fi omi dísítíìlì yọ́ ọ títí yóò fi pé lítà kan. Mìlígíráàmù 1,000 náítírójìn ló wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni kí ẹ máa là á sí mìlígíráàmù 10, 1 àti 0.1 nínú lítà kan, ní ife mẹ́ta, ẹ da ti àná nù. Píọ̀ wọ́tà kì í ṣe omi dísítíìlì o. Omi bátìrì lè rọ́pò rẹ̀, bí kì í bá ṣe ásíìdì ni wọ́n tà fún yín.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: omi òdiwọ̀n àti omi adágún gbọ́dọ̀ gbóná dọ́gba. Ìyàtọ̀ 1°C péré lè fa àṣìṣe bí ìdá 2 nínú 100. Ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ ní Ọ̀fà pààrọ̀ awọ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ìrì ṣì ń ṣàn lára ife omi òdiwọ̀n tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Mo kó gbogbo ife náà sínú abọ́ omi kan ṣoṣo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ tí ń ro omi, ẹ fi fóòmù sábẹ́ ife, nítorí ara ẹ̀rọ náà ń gbóná.

Ewu kejì ni kọ́sítíìkì sódà, tí a fi ń gbé pH (òṣùwọ̀n ásíìdì inú omi) kọjá 11 kí gbogbo amóníà lè di afẹ́fẹ́. Ohun tí ó di afẹ́fẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe da sódà sínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti sẹ́ńsọ̀ bọ inú omi ná, ẹ fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ awọ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da sódà, mìlílítà 1 ti 10 M (móólù 10 nínú lítà kan) sínú omi mìlílítà 100. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó ń jó ara.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 0.1 lọ sí 10. Ní 25°C, ìyàtọ̀ iná tí sẹ́ńsọ̀ ń fi hàn láàárín ife kan àti èyí tí ó tẹ̀lé e yẹ kí ó wà láàárín mílífóòtì 54 sí 60. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ po omi òdiwọ̀n mìíràn, kí ẹ tó fọwọ́ kan awọ tàbí omi inú sẹ́ńsọ̀. Ní wákàtí méjì-méjì, ẹ tún ka ife 1. Bí ó bá ti jáde kúrò láàárín 0.9 sí 1.1, ẹ tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀.