Bíìtì aláwọ̀ góòlù àbí kóbáàltì?
Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá máa ń pọ́n bíìtì dírílì rẹ̀ lò, bíìtì kóbáàltì (irin kan tí wọ́n ń pò mọ́ irin bíìtì) ni kó rà, kó fi aláwọ̀ góòlù sílẹ̀. Titanium nitride, èròjà kan tí wọ́n fi bo ara bíìtì, ni àwọ̀ góòlù yẹn. Ó le ju irin bíìtì fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń yọ̀, ìyẹn ni irin tí à ń lu kì í fi í lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò nípọn tó irun orí rárá: ẹ pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu rẹ̀ ti di irin lásán. (Ká má tiẹ̀ sọ ti ayédèrú tí wọ́n kàn kùn lọ́dà.) Inú irin gan-an ni kóbáàltì wà, ìwọ̀n 5 sí 8 nínú 100, ẹ máa pọ́n ọn lọ. Àmọ́ ó máa ń tètè kán o. Ẹ di dírílì mú ṣinṣin, kó má fì sí ẹ̀gbẹ́.