Ẹ̀yin Tó Ń Wá Kòkòrò Nínú Igbó Lẹ́kí, Ẹ Rọra

Afárá orí igi ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá tí wọ́n bá ti wọ Lekki Conservation Centre, ọgbà tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Mítà 401 ni gígùn afárá náà, ó sì dùn ún gùn lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ní kòkòrò lòun wá wò, tó wá lọ ń wá a lókè téńté, ti ṣìnà. Ìsàlẹ̀ ni kó wò: abẹ́ ewé, ara igi tó ti ń jẹrà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà onípákó tó gba orí àbàtà kọjá.

Ìrìn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ẹ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lámilámi tó fò lọ nígbà tẹ́ ẹ dé sábà máa ń padà wá bà sórí igi tó ti ṣí kúrò. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Tiwa kò tiẹ̀ la pípa lọ.

Tí òwú alántakùn bá dí ọ̀nà, ẹ má já a. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Alántakùn ńlá kan wà tí òwú rẹ̀ ń dán bíi wúrà nínú oòrùn, abo ni. Ẹ wo etí òwú yẹn dáadáa, ẹ lè rí akọ rẹ̀ níbẹ̀, bíńtín báyìí, ẹ ó rò pé ọmọ rẹ̀ ni.

Èyí tí mo kórìíra jù ni kí èèyàn gbá kòkòrò pa mọ́ ara. Ọ̀kan wà, tín-ín-rín, pupa òun dúdú, tí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró. Kì í ta èèyàn, kì í sì í géni jẹ. Omi inú rẹ̀ ló lóró: ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ sí lè lé ròrò bíi pé iná jó o. Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ dànù. Tó bá ti fọ́, ọṣẹ àti omi, kíá.

Ẹ má sì fọwọ́ lásán yí igi tó wó lulẹ̀, nítorí ejò àti àkekèé. Ẹ fi ọ̀pá fà á sọ́dọ̀ ara yín, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè gba òdìkejì sá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra dá a padà bẹ́ ẹ ṣe bá a, torí ọ̀rinrin abẹ́ rẹ̀ ni ilé wọn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ẹ fi sílé. Ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ, ṣe ló máa ń gbà á.