Bí Mo Ṣe Ya Ilé Kékeré fún Ènìyàn Méjì ní Ọ̀bà-Ilé

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ní stúdíò, ìyẹn kíláàsì tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ti ń yàwòrán, kò gùn lẹ́nu rárá. Ilé fún ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ilẹ̀ wà ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ níbí. Ohun tó wà láàárín ògiri kò gbọdọ̀ ju 60 mítà onígun mẹ́rin lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń ráhùn pé kí ni wọ́n fẹ́ fi 60 ṣe. Mo ní kí wọ́n lọ wo yàrá-àti-pálọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé nígboro, kò sábà tó ìdajì rẹ̀.

N kò kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà. Ìyá kan ń gbé ládùúgbò wa, ọjọ́ orí rẹ̀ á súnmọ́ ti ìyá inú iṣẹ́ náà, ni mo bá mú téèpù, mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn.

“Mámà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀dì yín.”

“Ṣé o fẹ́ rà á ni?”

Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi gbogbo ilé hàn mí. Mo wọn bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, fíríìsà, títí kan ìjókòó kékeré tí wọ́n fi ń ṣa ẹ̀fọ́. Lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ti yíjú sí mi: “Ilé tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń yà, ẹ kì í fàyè sílẹ̀ fún ọlọ. Níbo ni mo máa gbé ọlọ mi sí?” Ọlọ náà wà lẹ́bàá ògiri, àárín rẹ̀ ti jin, ata àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ilé ìdáná tí mo máa yà, ìdajì rẹ̀ á wà nínú ilé, ìdajì á wà níta lábẹ́ òrùlé.

Oòrùn ló kàn. Àkúrẹ́ wà ní ìwọ̀n dìgírí 7 àti díẹ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán kì í dúró sójú kan. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án, ọ̀nà àríwá ló máa ń tẹ̀ sí. Ìyókù ọdún, ó di gúúsù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló nílò òrùlé tó yọ síta dáadáa, mo sì jẹ́ kó yọ ní 90 sẹ̀ǹtímítà yí ilé ká. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, abẹ́ òrùlé ló máa ń gbà wọlé, kò sí bí a ṣe lè fi páànù dá a dúró. Àfi ká jẹ́ kí ògiri tó kọjú sí i kúrú. Bí ilé náà ṣe nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn nìyẹn, mítà 9 ní gígùn, 6.15 ní ìbú. N kò ṣàdédé mú ìwọ̀n yẹn o. Bulọ́ọ̀kù inch 18 tí a ń lò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45. Bí bíríkìlà bá fi símẹ́ǹtì sẹ̀ǹtímítà 2.5 sáàárín wọn, 19 ló máa tẹ́ lórí ògiri gígùn, 13 lórí kúkúrú, kò ní máa gé bulọ́ọ̀kù kiri.

Apá ìwọ̀-oòrùn ló gba àkókò mi jù. Ooru ìrọ̀lẹ́ ni ògiri ibẹ̀ ń gbà, òun ló sì máa ń tú jáde lóru, torí náà n kò lè fi ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀. Mo kó ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti yàrá ẹrù síbẹ̀ kí wọ́n máa jẹ ooru náà. Ó ku afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ òjò láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá. Bí mo bá fi ilé ìdáná sí igun yẹn, òórùn ẹja díndín á gba pálọ̀ kọjá wọ yàrá. Mo gbé e lọ sí igun àríwá kí èéfín máa gba ẹ̀yìn jáde, yàrá ẹrù sì bọ́ sí gúúsù. Ọyẹ́, tiẹ̀, láti àríwá-ìlà-oòrùn ni, pẹ̀lú eruku rẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí ibẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, mo jẹ́ kó kéré.

Kò sí kọ́rídọ̀. Yàrá méjèèjì ṣílẹ̀kùn sí pálọ̀, pálọ̀ sì la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn kan ní ìyá àgbà ò ní ní àṣírí. Mo dá wọn lóhùn pé kọ́rídọ̀ á jẹ ilẹ̀ tí a lè fi ṣe yàrá. Fèrèsé louvre ni mo lò, torí èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí.

Mo fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ilé fún ọlọ àti ààrò, gọ́tà sì wà létí òrùlé ẹ̀yìn. Òjò mìlímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan nìyẹn. Bí òjò 20 mìlímítà bá rọ̀, ìdajì òrùlé yẹn á kó lítà tó lé ní 850, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún táǹkì 1,000.

Lọ́jọ́ tí a gbé iṣẹ́ kalẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, wọn ò bi mí nípa oòrùn rárá. Ẹnì kan béèrè bí bẹ́ẹ̀dì ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo fi 90 sẹ̀ǹtímítà hàn wọ́n. Ẹlòmíràn ní: “Ọmọ-ọmọ yìí á dàgbà, á fẹ́ yàrá sí i. Ibo ló máa kọ́ ọ sí?”

Mo ti lọ wo ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, bí wọ́n ṣe to ilé yí àwọn ùà, ìyẹn àgbàlá inú ààfin, ká. Mo ní wọn ò ní fọwọ́ kan ilé tó wà nílẹ̀. Yàrá tuntun á dúró lódì kejì lẹ́yìnkùlé, yóò kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá á wà láàárín, òrùlé méjèèjì á sì máa da omi síbẹ̀. Ọ̀gá wa ní ẹnu lásán kò tó, kí n yà á. Òun ni mo ń yà lọ́wọ́ báyìí, ibi tí omi àgbàlá náà máa gbà jáde ni mo ń wá.