Àmàlà inú gbọ̀ngàn ìdánwò

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ṣe WAEC, síbẹ̀ mo ṣì ń ṣe é lójú oorun. Iṣẹ́ ìṣirò ni, bírò mi ò sì yọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní èèyàn lè máa lálàá kó sì mọ̀ pé àlá ni. Mo pè é ní òpùrọ́, àfi ìgbà tí mo kà nípa Keith Hearne, olùwádìí kan nípa àlá. Ní 1975, ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí ẹnì kan máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì bó bá ti mọ̀ pé òun ń lálàá. Ẹ̀rọ gba àmì náà sílẹ̀, ọkùnrin náà ò sì jí.

Ni èmi náà bá ní màá gbìyànjú ẹ̀. Ìwé àti bírò ni mo kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kí n lè máa kọ àlá mi sílẹ̀. Téèyàn bá fi lè jí kó fọwọ́ kan fóònù, àlá ti fò lọ nìyẹn. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo rí kọ: "ewúrẹ́".

Wọ́n tún ní kí n máa tẹ súìṣì wò lójú ayé, kó lè mọ́ mi lára débi pé màá ṣe é lójú àlá náà, pé lójú àlá iná kì í sábà tàn. Ní Ìbàdàn níbí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé mi ò tíì jí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Imú ni mo wá gbájú mọ́: màá fọwọ́ dí i, màá pa ẹnu dé, màá gbìyànjú láti mí. Lójú àlá, èémí á ṣì wọlé. Ìyàwó mi wò mí títí: "Bàbá Ìbejì, ṣé ọ̀fìnkìn tún dé ni?"

Ọgbọ́n Stephen LaBerge, olùwádìí àlá mìíràn tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló jọ mí lójú jù. Lẹ́yìn oorun wákàtí márùn-ún, aago á jí mi, torí ìdájí ni àlá máa ń gùn. Bí mo bá ń sùn padà, màá máa wí lábẹ́lẹ̀ pé, "Bí mo bá tún lálàá, màá mọ̀."

Lóru ọjọ́ kẹta, mo lajú, ara ò ṣeé gbé, nǹkan jókòó lé mi láyà. Ogun òru, ni ìyá mi wí, ó ní kí n yáa jáwọ́. Ohun tí mo kà ni pé ara máa ń rọ tí a bá ń lálàá, kí a má baà máa ja ìjà àlá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọpọlọ mi ló ṣáájú ara jí. Mo gbàdúrà, mo sì ń bá a lọ.

Ó di òru kan, mo tún bá ara mi nínú gbọ̀ngàn. Alámòójútó ìdánwò gbé àmàlà síwájú mi, ó gbóná, ewédú ń yọ̀ lórí ẹ̀. Ó ní, "Jẹun." Ta ni wọn ò kìlọ̀ fún ní kékeré pé a kì í jẹun lójú àlá? Lójú àlá kẹ̀! Mo di imú, èémí wọlé fìn-ìn. Inú mi dùn débi pé gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Mo yáa fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó padà bọ̀ sípò. Mo wo ìbéèrè kìíní, mo gbójú kúrò, mo tún wò ó: ó ti di orúkọ ẹja.

Mo fi bírò sílẹ̀, mo rìn jáde. Òjò ń rọ̀ sórí pápá, kò sì tutù rárá.

Àmàlà yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án o.