Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Àwọn Ọmọ Àdúgbò Ṣeré Ìdárayá ní Pápá Láìná Owó Ńlá

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́ ṣe eré tó ń mú kí èèyàn mí gúlegúle. Ọmọ tí òun àti ẹni mẹ́fà jọ ń sùn sí yàrá kan ní Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò ti ṣe é ju pápá àdúgbò lọ. Ṣùgbọ́n pápá tí kò ní àkókò fún ọmọdé, tí kò sì ní àgbà tó ń mójú tó o, àwọn géńdé ló máa ń gbà á. Àwọn ọmọ kéékèèké á kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa wòran ni. Nítorí náà, kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù, ẹ lọ gba àkókò.

Ẹ yan pápá tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsọdá títì márosẹ̀. Kò sí ìyá tí yóò jẹ́ kí ọmọ ọdún méje dá márosẹ̀ kọjá, òótọ́ rẹ̀ sì ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó lẹ́nu géètì, ẹ gbàgbé rẹ̀. Pápá bíi Maracana ní Ajégúnlẹ̀ wà láàárín ilé gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìwé tó gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 20, ti tó fún ọgbọ̀n ọmọ.

Ẹ bá alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, sọ̀rọ̀ kọ́kọ́, kí ó mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ibẹ̀: àjọ LASPARK bó bá jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọ̀gá ilé ìwé bó bá jẹ́ tiwọn. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye ọmọ àti orúkọ àwọn àgbà tó máa dúró tì wọ́n sínú lẹ́tà. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ni yóò gbà yín lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ta kánópì òde àríyá síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn géńdé tó ń gbá sẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ fúnra yín. Bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé tiwọn á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á gbà, àwọn kan á tiẹ̀ bá yín fọn fèrè.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń dáa jù. Kó tó dìgbà yẹn, oòrùn ń mú, ilé kéú kò sì tíì túká. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ti gbọ́dọ̀ lọ pọnmi. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn ìyá léèrè lẹ́nu ẹ̀rọ omi kí ẹ tó fẹnu kò.

Lójoojúmọ́, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí àgbà mẹ́rin tò ní ìbú, kí wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀ la pápá já lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, kí wọ́n ṣa àfọ́kù ìgò àti ìṣó. Abẹ́rẹ́ tí ẹ bá rí, ẹ má fi ọwọ́ mú un: ẹ̀mú ni kí ẹ fi gbé e sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti ṣe é lánàá. Àwọn èèyàn ń mutí níbẹ̀ lóru. Òpó gòólù onírin tí wọn kò rì mọ́lẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí ọmọ bá rọ̀ mọ́ ọn, ó lè ṣubú lù ú, ó sì ti pa ọmọ rí ní onírúurú orílẹ̀-èdè. Ẹ gbé e kúrò, kí ẹ fi ike omi tí ẹ bu yanrìn sí dé ìdajì ṣe gòólù.

Fún ọgbọ̀n ọmọ: bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ mẹ́rin, okùn mítà márùn-ún méjì, àpò ìrẹsì mẹ́jọ, ike méjìlá, táyà ògbólógbòó mẹ́fà. Ẹ fi ọwọ́ yẹ táyà wò bóyá wáyà ti ń yọ, kí ẹ lu ihò mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi má dúró síbẹ̀ di ilé ẹ̀fọn. Eérú ni kí ẹ fi fa ìlà. Má fi ẹfun kíkan tó ń jó ojú ṣe é.

Ẹ fi ẹkùn mẹ́ran bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá pẹ́ dé lè wọ inú rẹ̀ láìdá eré dúró. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé ọgbọ̀n ọmọ á di òbìrí kan: ẹkùn àti ewúré ń sáré, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n dúró ń kọrin. Ẹ pín in sí òbìrí mẹ́ta. Kí àwọn tó di ọwọ́ mú máa fi ẹ̀gbẹ́ sáré yípo bí wọ́n ṣe ń gbe orin, kí gbogbo wọn fò sókè nígbàkigbà tí wọ́n bá dáhùn "mẹ̀ẹ̀". Ẹ pààrọ̀ ẹkùn tí ẹ bá ti kà dé ogún, yálà ó mú ewúré tàbí kò mú un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú èyí, gbogbo ara á ti gbóná.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín pápá sí méjì. Apá kan fún bọ́ọ̀lù ẹni márùn-ún sí márùn-ún, láìsí aṣọ́lé, kí ẹnu gòólù fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀. Apá kejì fún okùn fífò, súwe, tẹ́ń-tẹ́ń àti àpò. Bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin á sá sẹ́yìn títí wọn ó fi kúrò. Ẹ máa yí wọn padà ní ìṣẹ́jú méje-méje, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kan bọ́ọ̀lù. Ẹ má lo òfin sẹ́ẹ̀tì, pé ẹni tó bá pàdánù kó jáde: ọmọ tí ara rẹ̀ wúwo jù, tí ó nílò eré jù, ni yóò jókòó pẹ́ jù. Ẹ má sì fi kánfáàsì ṣe dandan. Kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, tàbí kí gbogbo wọn wọ̀ ọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ lásán àti oníbàtà nínú gbígbá kan náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Àpò píọ̀ wọ́tà kan máa ń ní ogún nínú, nítorí náà ẹ ra méjì. Ọmọ tí kò bá tíì jẹun, ẹ má jẹ́ kó sáré. Kó máa ka àmì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí bí ọmọ bá ní ikọ́ fée tàbí bí jínótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS: ẹni SS gbọ́dọ̀ máa mu omi léraléra, kó sì sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìṣó bá gún ọmọ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Nígbà tí eré bá ń lọ, kí àgbà tó wà níbẹ̀ má dín ní méjì, kí obìnrin wà nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ọmọ kan ṣoṣo lọ síbi kọ́lọ́fín.

Ẹ máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ dé ilé rẹ̀. Nígbà púpọ̀, ẹ óò rí i pé ó ń kiri ọjà, tàbí pé àbúrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti ọjà, ẹ bá ìyá rẹ̀ ṣàdéhùn ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ti àbúrò, ẹ ní kó gbé e wá: ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, kí ìyá àgbà kan bá wọn mójú tó àwọn ìkókó, kí ẹni tó pọ̀n wọ́n wá ráyè sáré.