Ìbàdí Tó Ń Ro Aboyún: Ìbéèrè Tí Ẹ Kò Yé Bi Mí

Kò sí ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún kan tí ẹnìkan kì í fọwọ́ ti ògiri wọlé, kó máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, kó sì jókòó tìrora-tìrora. Bó bá ti jókòó tán, ìbéèrè kan náà ni: "Nọ́ọ̀sì, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" Mo ti dáhùn títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí lè ríbi kà á.

Ibo gan-an ló ń dùn mí, kí ló sì fà á?

Eegun ìbàdí kì í ṣe ẹyọ kan. Oríkèé mẹ́ta ló so ó pọ̀. Méjì wà lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti pàdé ìgbáròkó. Ẹ̀kẹta wà níwájú, lókè ojú ara. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, àwọn iṣan tó di oríkèé wọ̀nyí mú á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, kí ọ̀nà lè là fún ọmọ. Àlàfo tó wà ní oríkèé iwájú yẹn kì í ju mìlímítà 4 sí 5 lọ lára ẹni tí kò lóyún. Oyún lè fi 2 tàbí 3 kún un. Ìyẹn nìkan kò ní kó dùn yín. Ìgbà tí oríkèé kan bá ń mira ju èkejì lọ, tí ikùn sì ń wúwo sí i, ni wàhálà ń dé.

Ó lè mú yín níwájú, ní bàrá ìdí tàbí nínú itan, ó sì lè sọ̀ dé orúnkún. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ẹ bá dúró lẹ́sẹ̀ kan, bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, bí ẹ bá ya ẹsẹ̀, tàbí bí ẹ bá ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn mìíràn máa ń gbọ́ tó ń dún "kọ́" níwájú. Bí ẹ bá rí PGP tàbí SPD nínú káàdì yín, òun náà ni. Nínú aboyún márùn-ún, ó ń ṣe nǹkan bí ẹnìkan. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fi yín ṣe nǹkan kan.

Ṣé ó ń pa ọmọ inú lára?

Rárá.

Ṣé kì í ṣe pé mo nílò àdúrà?

Ẹ gbàdúrà. Kí ẹ sì pa orúnkún pọ̀ bí ẹ bá ń dìde.

Oògùn wo ni mo lè lò?

Parasitámọ́ọ̀lù ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Oníhóró mìlígíráàmù 500 yẹn kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, bí ẹ bá sì rí i pé ẹ ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ wá sọ fún wa.

Ẹ fi ibuprofen àti diclofenac sílẹ̀, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ. Wọ́n lè ṣe kíndìnrín ọmọ léṣe, kí omi tó yí i ká sì dínkù. Àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, èmi ò mọ ohun tó wà nínú wọn, ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ̀yin náà kò mọ̀. Alábùkún náà kì í ṣe oògùn ìbàdí aboyún: ásípírínì ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí dókítà bá fún yín ní ásípírínì kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má dá a dúró.

Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ bá ìyá kan tó ń fa ikùn.

Ẹ má lọ. Bí ọkọ yín bá fi òrí ra ẹ̀yìn àti bàrá ìdí yín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò burú, ó tiẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ tẹ ikùn yín mọ́lẹ̀, kó má sì gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀yìn yín pé òun ń to eegun. Eegun yẹn kò yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀ tí wọ́n fi máa tò ó. Ibi ọmọ ni ikùn títẹ̀ lè já, ẹ̀jẹ̀ tó máa ń tẹ̀lé e kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá ọkọ yín pé nọ́ọ̀sì ló ní kí ẹ má lọ. Ẹ gbé ẹ̀bi náà lé mi lórí, mo ti gbà á.

Báwo ni mo ṣe máa ṣiṣẹ́ ilé?

Ẹ jókòó kí ẹ tó wọ pátá tàbí ṣòkòtò. Ẹ má dúró lẹ́sẹ̀ kan fún ohunkóhun. Lórí àtẹ̀gùn, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìpele kan kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn: ẹsẹ̀ tí kò dùn ni kó ṣáájú bí ẹ bá ń gòkè, èyí tó ń dùn ni kó ṣáájú bí ẹ bá ń sọ̀. Bí ẹ bá ń wọ mọ́tò, ìdí ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ọ̀rá tí ẹ bá tẹ́ sórí àga á jẹ́ kí ìdí yọ̀ yípo láìnira. Ọ̀kadà, rárá.

Ẹ gbé báàsì ìfọṣọ sórí àpótí, ẹ yé lóṣòó tì í. Jálá omi kíkún kì í ṣe ẹrù ọwọ́ kan. Ẹ bu ún sí kékeré méjì. Ẹ fún ẹlòmíràn ní ọmọ odó. Ọmọ tó ti ń rìn, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí.

Wọ́n sì máa ń bi mí nípa ìkúnlẹ̀. Bí ẹ bá ń kúnlẹ̀ kí àgbà, orúnkún kan ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ìbàdí ń lọ́. Ẹ tẹrí ba, kí ẹ sì sọ pé ìbàdí ń dùn yín. Àgbà tó bá ti bímọ rí kò ní bínú. Èyí tó bá bínú, ẹ ní kó wá bá mi.

Ọ̀sán ń sàn díẹ̀, àmọ́ lóru mi ò lè yí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, kò ṣiṣẹ́.

Èyí ni mo bá jà jù. Nínú oyún mi kejì, èmi tí mo ń kọ́ aboyún níṣẹ́, mi ò lè yí láti ọ̀tún sí òsì láìdi orí bẹ́ẹ̀dì mú. Ìtọ̀ á jí mi, máa dùbúlẹ̀ máa ṣírò bóyá kí n dìde tàbí kí n fara dà á. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ náà ni wọ́n sọ fún mi: ìrọ̀rí. Mo fi í síbẹ̀. Ó dára níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá mira. Bí mo bá ti yí báyìí, ó ti já bọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ìrọ̀rí náà kúrú. Bí orúnkún bá wà lórí ìrọ̀rí ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ré bọ́ sísàlẹ̀, ìgbáròkó ṣì ń lọ́. Ó gbọ́dọ̀ gùn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ká aṣọ ìbora àtijọ́ pọ̀, ó le díẹ̀, ó sì gùn tó, ó dára ju ìrọ̀rí olówó lọ.

Èkejì ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ òwú àti ìró àǹkárá tí mo fi ń sùn máa ń di ara wọn mú. Èjìká mi á ti yí tán, ìdí mi á ṣì wà níbi tó wà, oríkèé ló sì ń san gbèsè àárín méjèèjì. Mo wá aṣọ sátíìnì kan tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ ẹbí, mo tẹ́ ẹ sí agbede-méjì bẹ́ẹ̀dì, ibi tí ìdí ń gbé nìkan. Mi ò jẹ́ kó dé ibi ẹsẹ̀, nítorí gìgísẹ̀ nílò ibi tó máa tẹ̀ tí kò ní yọ̀. Ìyẹn gbà mí ní ìdajì.

Ìdajì tó kù kò lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti yí dé agbede-méjì, ó máa gún mi níwájú, máa ké. Ọkọ mi ló rí i. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì láti wo ohun tó ń ṣe mí, ó ní, "Ìyá ọmọ mi, inú kòtò lo ń gbà jáde." A gbé fóòmù kúrò. Igi méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti tẹ̀, fóòmù sì ti jìn wọ àárín. Gbogbo yíyí tí mo ń yí, òkè ni mo ń gùn. A yí fóòmù pa dà, kò ran án. Ìgbà tí káfíńtà fi páákó pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ rẹ̀ ló tó dúró gbọọrọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìrọ̀rí aboyún olówó gọbọi, ẹ gbé fóòmù yín sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà ìyípo tí oní fisiotẹ́rápì kọ́ mi tó wá wúlò. Ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè. Ẹ fún wọn mọ́ra, kí aṣọ tó wà láàárín wọn má lè bọ́. Ẹ fún abẹ́ yín pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ kọjú sí ibi tí ẹ ń yí sí, ẹ mí síta, kí èjìká, ìdí àti orúnkún sì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ ti ẹ̀gbẹ́ dìde: ẹsẹ̀ méjèèjì á sọ̀ pọ̀, ọwọ́ ni kó ti ara sókè. Ẹ má jókòó ṣánṣán láti ẹ̀yìn.

Ìrora náà kò lọ pátá, títí mo fi bí. Ṣùgbọ́n mo ń yí láìké. Mo sì ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí mo bá dúró pẹ́ níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, òru ọjọ́ náà kì í dára, ohunkóhun tí mo bá tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa jókòó lọ́sàn-án.

Ṣé bẹ́líìtì aboyún ń ṣiṣẹ́?

Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbáròkó ni wọ́n ń dì í mọ́, lábẹ́ ikùn, kì í ṣe orí ikùn. Ìgbà tí ẹ bá dìde rìn ni ẹ ó lò ó. Ẹ tú u bí ẹ bá fẹ́ sùn. Bó bá ń fún ẹ̀mí yín, ẹ ti dì í sókè jù.

Ìgbà wo ni kí n lọ bá oní fisiotẹ́rápì?

Báyìí. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ kò bá lè rìn mọ́. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ ní kí dókítà yín kọ ìwé fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, agbẹ̀bí yín lè fi yín ránṣẹ́ síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ẹ tiẹ̀ lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀. Wọ́n á wo èyí tó ń yọ yín lẹ́nu nínú oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á kọ́ yín ní eré ìdárayá tó bá a mu, wọ́n sì lè fún yín ní ọ̀pá ìtilẹ̀. Ẹ má wo fídíò kan kí ẹ wá máa ya ẹsẹ̀ káàkiri pàlọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ìbàdí lásán?

Ẹ̀jẹ̀, tàbí omi tó ń jò láti ojú ara. Ìrora tó ń wá tó ń lọ, tí ikùn ń le pẹ̀lú rẹ̀, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Ibà, tàbí ìtọ̀ tó ń ta yín. Ọmọ tí kò yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀. Orí fífọ́ líle pẹ̀lú ojú tó ń ṣú. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó sì gbóná. Abẹ́ tàbí inú itan tó kú tipiri, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí ẹ kò lè dá dúró mọ́. Nínú oyún kékeré, ìrora líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn pẹ̀lú òòyì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má parí kíka èyí, ilé ìwòsàn ni.

Ẹni tó bá jẹ́ SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, sickle cell), kó má kàn gbà pé oyún ló ń dùn òun ní ìgbáròkó: àrùn náà lè ba orí eegun itan jẹ́, kó tètè jẹ́ kí dókítà mọ̀. Ẹni tó ní fàíbírọ́ọ̀dù náà, tí ibì kan nínú ikùn rẹ̀ dédé ń dùn ún burúkú, kó wá.

Ṣé mo máa lè bí fúnra mi?

Ọ̀pọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni. Ìbàdí ríro nìkan kò sọ iṣẹ́ abẹ di dandan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rọbí, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ya orúnkún títí dé ibi tí kò tíì dùn, kí ẹnìkan fi okùn wọn àárín wọn. Ẹ mú okùn náà dání lọ sí yàrá ìrọbí, ẹ sọ fún agbẹ̀bí pé kí wọ́n má yà á kọjá ibẹ̀ bí kò bá pọn dandan. Ẹ lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí, ẹ sì lè rọ̀ sórí ọwọ́ àti orúnkún. Bí wọ́n bá ní láti gbé ẹsẹ̀ yín kọ́ láti rán yín, kí wọ́n gbé méjèèjì sókè pọ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ pọ̀.

Ìgbà wo ló máa lọ lẹ́yìn ìbímọ?

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀. Bí ẹ bá wá fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó ṣì ń dùn, ẹ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé fi omi gbígbóná tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè gbé ẹsẹ̀ rárá lẹ́yìn ìbímọ, tí iwájú sì ń dùn yín gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò eegun ibẹ̀ (X-ray): àlàfo tó bá ju mìlímítà 10 lọ ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ó sì lè pa dà nínú oyún tó ń bọ̀, nítorí náà, ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì.