Ẹ má fi ọ̀dà dúdú bo ìpẹtà abẹ́ mọ́tò yín

Lọ́dún 2016 ni mo ra Camry 2004 kan, tòkunbọ̀. Abẹ́ ẹ̀ ń dán bíi bàtà ọmọ ilé-ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dúdú mìnìjọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Inú mi dùn, mo ní wọ́n tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Kò pé oṣù méje tí ọmọ mi tó máa ń jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé omi ń rin ẹsẹ̀ òun. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a ká rọ́gì kúrò nílẹ̀, ó mú síkúrúdíráfà, ó fi gún ilẹ̀ mọ́tò. Ó wọlé bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ. Láti inú mọ́tò la ti ń wo kọnkéré ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà ni wọ́n tà fún yín o, wọn ò ta mọ́tò fún yín.”

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí lábẹ́ mọ́tò ara mi.

Irin, omi àti atẹ́gùn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti tó ìpẹtà ṣiṣẹ́. Iyọ̀ ló wá ń mú kó sáré. Ní Kánádà, àti láwọn ibi bíi New York, Ohio àti Michigan ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà á máa ta á sábẹ́ mọ́tò, á wọ gbogbo kọ̀rọ̀, á sì bá ọkọ̀ dé èbúté wa. Àwa tá à ń gbé ẹ̀bá òkun náà ò sì bọ́: ní Ajah níbí, irin fèrèsé gan-an ń dípẹtà, áńbọ̀sìbọ́sí mọ́tò tó ń wọ́ omi ojú títì kọjá ní gbogbo oṣù kẹfà. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, tẹ́ ẹ wá rí i pé ọ̀dà dúdú tuntun wà lábẹ́ ẹ̀, tó kan nọ́ọ̀tì, tó kan sàìlẹ́ńsà pàápàá, ẹ fura. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò kì í kun sàìlẹ́ńsà lọ́dà dúdú bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé mọ́tò sókè ná. Jáàkì nìkan kò tó o! Ẹ fi òkúta dí táyà tó kù nílẹ̀, ẹ fa háńbíréèkì, kẹ́ ẹ wá fi irin ìdúró tó nípọn gbé ibi líle ara ọkọ̀ ró. Èmi tún máa ń ti rímù pẹ̀lú táyà ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, torí ìyàwó mi ò fẹ́ di opó nítorí Camry. Ẹ wọ gíláàsì ojú àti ìbòmú kẹ́ ẹ tó wọlé, nítorí ìpẹtà tó bá bọ́ sójú kì í tètè jáde.

Ẹ fi òòlù kékeré kan irin yíká. Èyí tó le á dún kanran-kanran. Èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀ bíi páálí. Ibi tí ọ̀dà bá ti wú bíi búrẹ́dì, ẹ kàn án kíkankíkan, torí ìpẹtà gba àyè ju irin tó jẹ lọ, òun ló ń ti ọ̀dà sókè látinú.

Ọṣẹ ìfọṣọ àti omi lẹ ó kọ́kọ́ fi fọ abẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha girísì kúrò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ odindi ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì tó bá jẹ́ ìgbà òjò. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ló kàn yìí: búrọ́ọ̀ṣì onírin, lẹ́yìn náà sánpépà nọ́ńbà 80. Ẹ ha á títí tí èèpo pupa ò ní já mọ́, tí irin á fi funfun bí abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì ha á kọjá etí ibi tó dípẹtà díẹ̀, torí ìpẹtà máa ń rá wọ abẹ́ ọ̀dà tó dà bíi pé ó dáa. Wákàtí mẹ́ta ni ìwọ̀n ilẹ̀kùn kan gbà mí. Ẹ fi àkísà tẹ́ ẹ rẹ sínú tínà nù ún. Tí àkísà bá ṣì ń dúdú, ẹ nù ún sí i. Ẹ má wá fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, iyọ̀ wà nínú òógùn.

Àwọn ihò wínníwínní tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, oògùn ìpẹtà lẹ ó fi pa á, èyí tí ásíìdì wà nínú ẹ̀, tó ń sọ ìpẹtà pupa di dúdú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni rẹ́dì ọ́sáìdì, ọ̀dà pupa tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sára irin, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kẹ́ ẹ tó kun ìkejì. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀dà dúdú tó nípọn tí wọ́n fi ń bo abẹ́ mọ́tò tó wúlò. Kó má kan díìsìkì bíréèkì, sàìlẹ́ńsà, ọ̀pá tó ń yí táyà, rọ́bà ẹsẹ̀ mọ́tò tàbí wáyà sẹ́ńsọ̀. Kẹ́ ẹ má sì dí àwọn ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Tí síkúrúdíráfà bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín, ó di ti wẹ́dà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pútì dí i. Ẹ ní kó gé gbogbo ibi tó jẹrà títí dé irin tó le kó tó jó páànù tuntun mọ́ ọn. Kó tó tan iná, ẹ tú orí bátìrì, ẹ ká rọ́gì, ẹ wo ibi tí páìpù epo gbà kọjá, kí sílíńdà ìpaná sì wà nítòsí. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n so ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ ló jẹrà, ẹ wá ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ náà dénú, kì í ṣe ọmọṣẹ́. Àṣìṣe tèmi ni pé abẹ́ nìkan ni mo kùn lẹ́yìn tí wẹ́dà parí. Òjò ọdún kejì dé, etí páànù náà ti pọ́n látinú.

Àwọn kan máa ń fọ́n ọ́ìlì kọndẹ́ǹmù, ìyẹn ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò tán, sábẹ́ mọ́tò. Kì í ṣe irọ́ pé ó ń lé omi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba rọ́bà jẹ́, gbogbo iyanrìn títì á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa kán sílẹ̀ níbi tọ́mọ ti ń ṣeré. Èmi ò jẹ́ ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ti wọ́ omi àgbàrá kọjá tàbí lọ sétí òkun, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lóṣù kọkànlá, èmi a mú tọ́ọ̀ṣì àti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, n ó fi gún àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí ẹrẹ̀ tó máa dà jáde.

Omi tó sì ń rin ẹsẹ̀ ọmọ mi ńkọ́? Kì í ṣe òjò. Páìpù rọ́bà kékeré tí omi AC ń gbà jáde ló dí, tí omi fi ń padà sábẹ́ rọ́gì. Tẹ́ ẹ bá tan AC fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ ooru tí omi ò kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ẹ fọwọ́ kan rọ́gì iwájú.